Ọjọ́ tí Ẹsẹ̀ Ìbídùn San Gbèsè

Ilé Ògúnyẹmí,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
Ìgbàrà-Odò Èkìtì.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejì, ọdún 2002.

Rótìmí ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo tún kí ọ. Báwo ni iṣẹ́, báwo ni Èkó, báwo ni onílé rẹ tí kì í jẹ́ kí ẹ fa omi bí ilẹ̀ bá ti ṣú? Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ ní àlàáfíà, a jẹ́ pé ohun tí èmi àti ìyá rẹ ń sọ fún Ọlọ́run láràárọ̀ ti dé etí rẹ̀ nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ pé ara rẹ kò yá, kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀ ná kí o lọ lo oògùn, nítorí lẹ́tà náà gùn. Àwa náà wà dáadáa. Orúnkún ṣì ń dun Rachael ìyá rẹ, ṣùgbọ́n kò ní kó má dìde bá mi jà. Kòkó kò ṣe dáadáa lọ́dún yìí, ọ̀pẹ ló bo àṣírí wa.

O ní o ti ra fóònù tí wọ́n ń gbé sápò. A dúpẹ́, ìyá rẹ ti jẹ́rìí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbọ́ pé iná ló ń jẹ, àti pé bí kò bá rí iná jẹ yóò kú. Nítorí náà, bí o bá ń bọ̀ wálé lọ́dún Àjíǹde, jọ̀wọ́ má gbé e wá. Iná ti lọ níbí láti ìgbà tí a ti ṣe ọdún tuntun, n kò sì fẹ́ kí nǹkan olówó ńlá wá kú sí mi lọ́wọ́. Fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ tó bá jẹ́ onígbàgbọ́, kí ó máa bá ọ fún un lóúnjẹ títí o fi máa padà.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà gan-an ni ti Ìbídùn àbúrò rẹ. O mọ̀ pé láti ìgbà tó ti gba fírídọ̀mù lọ́wọ́ ìyáàfin tó kọ́ ọ ní iṣẹ́ súwẹ́tà ní Ìkẹ́rẹ́, inú ilé ló jókòó sí. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń hun ún, fìlà ọmọ ọwọ́ nìkan ló ń fi ọwọ́ hun tà. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbí wá sọ fún un pé bó bá ní ẹ̀rọ kí wọ́n tó wọlé lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, òun ni yóò hun súwẹ́tà gbogbo àwọn ọmọ ilé-ìwé náà. Bí kò bá ní in, ará Àkúrẹ́ kan ni àwọn yóò gbé iṣẹ́ náà fún. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ yìí kò ti gbádùn oorun mọ́. Yóò kàn jókòó, ọwọ́ rẹ̀ á máa lọ, á máa bọ̀ lórí tábìlì bí ẹni pé ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Bí mo bá rí i báyẹn, inú mi a bàjẹ́, n ó sì gbọ̀nà oko láìní iṣẹ́ kankan tí mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀.

Ni wọ́n bá kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹgbẹ́ aláàánú kan fẹ́ pín irinṣẹ́ fún àwọn aláàbọ̀ ara ní Adó, àti pé ẹ̀rọ súwẹ́tà wà nínú rẹ̀. Ìwọ náà kúkú mọ bí a ṣe ń ṣe nínú ilé wa. A kì í tojú oníka-mẹ́sàn-án kà á. Láti ìgbà tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú ọmọ yìí ní kékeré, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu mi rí. Ìyá rẹ wá ra ìró tuntun fún un, ó gùn débi pé ó ń gbálẹ̀. Mo ní kí ó fi ọ̀pá tó fi ń rìn sílẹ̀ nínú takisí Akínyẹlé tó gbé wa lọ. A tètè dé. Mo gbé Ìbídùn pọ̀n, mo gbé e jókòó sórí àga kí èrò tó pé, mo sì fa ìró náà dáadáa bo ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó jókòó bí ìyàwó olóyè. Ó kàn ń wò mí ni.

Ọmọkùnrin kan tó de táì ló ń kọ orúkọ. Nígbà tó kàn wá, ó ní kí ló ṣe èyí. Mo fò dìde, mo ní nǹkan kan kò ṣe é, nǹkan kan kò sì ní ṣe é lórúkọ Jésù. Gbogbo èrò ṣe àmín, bàbá afọ́jú kan tó jókòó níwájú wa ló tiẹ̀ pariwo jù. Onítáì wo ọmọ, ó wo ìró, ó ní ó dáa, kí a bọ́ sí apá ọ̀dọ̀ àwọn tó sin ènìyàn wá. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. N kò ní parọ́ fún ọ, inú mi dùn. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ọmọ mi kiri, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó wò ó tí kò rí ẹsẹ̀.

Ibi tí a jókòó sí yìí ni ọkùnrin kan ti gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán telifíṣọ̀n kọ́ èjìká kọjá. Mo dá a dúró, mo sún mọ́ ojú ẹ̀rọ náà, mo kí ọ, mo pe orúkọ rẹ àti àdúgbò rẹ kí ó má baà ṣìnà, mo sì ní kí o fi owó òwú ránṣẹ́. Mo dúró díẹ̀ kí o lè dáhùn, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ní ó ti tó. Bí iṣẹ́ tí mo rán kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ, a jẹ́ pé òun ló jẹ ẹ́ mọ́nú.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín nǹkan. Wọ́n pín ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n pín ẹ̀rọ ìlọta, wọ́n pín kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ wà. Wọ́n pe ẹnì kan, ó gba ẹ̀rọ súwẹ́tà. Mo sọ fún Ìbídùn pé èyí tó dára jù ni wọ́n ń fi sẹ́yìn. Wọ́n pe ẹlòmíì. Mo ní kó fara balẹ̀, onísùúrù ló ń fún wàrà kìnnìún. Nígbà tó ku ẹyọ kan ṣoṣo lórí tábìlì, Ìbídùn ní kí n lọ bá òun gbé ọ̀pá òun wá. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Akínyẹlé tó dúró tì wá ló yíjú sí, ìyẹn sì sáré lọ gbé e wá.

Ó dìde, Rótìmí. Ó rìn láti ẹ̀yìn títí dé iwájú lójú gbogbo ayé, ó ká ìró ìyá rẹ sókè dé orúnkún, ó sì fi ẹsẹ̀ náà han onítáì. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kí n wọlé. Ó ní arọ ni òun, òun kò sin ẹnikẹ́ni wá, bàbá òun ló fẹ́ràn òun débi tí kò fi lè sọ ọ́. Ó wá fi èdè tiwa ṣe é, ó ní uṣẹ́ lòun wá wá o, ẹsẹ̀ yìí ti jẹ òun ní gbèsè láti kékeré, kí wọ́n jẹ́ kó san án lónìí. Ariwo sọ. Bàbá afọ́jú yẹn tún ṣe àmín, ó ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Onítáì rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa, kó fi ọwọ́ han àwọn náà. Ìbídùn jókòó ti ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, bó ṣe máa ń ṣe lórí tábìlì wa, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí aṣọ ń jáde. Mo sunkún. Má sọ fún ìyá rẹ, eruku ni mo sọ fún un pé ó kó sí mi lójú.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà fún wa, ó sì ti wà nílé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń kọ mí lóminú. Wọ́n ní lẹ́yìn oṣù díẹ̀ àwọn yóò wá bẹ̀ ẹ́ wò láti mọ bó ṣe ń ṣe sí. O sì mọ̀ pé gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni Pásítọ̀ ń gbàdúrà lé ẹsẹ̀ Ìbídùn lórí. Bí ẹsẹ̀ bá lọ nà kí wọ́n tó dé ńkọ́? Ṣé wọn kò ní gba ẹ̀rọ wọn? Mo ti lọ bẹ Pásítọ̀ kí ó fi ti ẹsẹ̀ sílẹ̀ ná, kí ó gbájú mọ́ orúnkún ìyá rẹ títí àwọn ará Adó yóò fi wá lọ. Inú rẹ̀ kò dùn sí mi, ó ní ìgbàgbọ́ mi kéré. Mo ní kò kéré, ó pọ̀ jù ni ẹ̀rù fi ń bà mí.

Ọ̀gá ilé-ìwé ti wá fojú ara rẹ̀ rí ẹ̀rọ, ó sì ti ní kí Ìbídùn bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà náà ti ń wá, wọ́n ní òtútù àárọ̀ ń pa àwọn lọ́nà Ìlawẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá a lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Pásítọ̀ sì ní kí n sọ ohun tí a ń dúpẹ́ lé lórí. Mo bojú wo Ìbídùn. Mo wá ní ọmọ wa tó jẹ́ arọ ti níṣẹ́ lọ́wọ́. N kò sọ ọ́ rí láyé mi. Òrùlé kò já lé wa lórí, Ìbídùn fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Ní báyìí, owó ló kù. Fi owó òwú ránṣẹ́, aláwọ̀ ewé ni ilé-ìwé náà ń lò. Fi ti ọ̀dà tí a óò fi kọ pátákó rẹ̀ kún un, àti ti oògùn orúnkún ìyá rẹ, bí ó bá sì ṣẹ́ kù díẹ̀, má gbàgbé pé èmi náà ní ẹnu tí mo fi ń jẹun. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o ṣe iṣẹ́ àṣedànù. Ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì ti ń ṣubú, ìwọ yóò dúró níbẹ̀. Aya rere yóò rí ọ, ìwọ náà yóò sì lajú rí i.

Èmi ni bàbá rẹ,
J. A. Ògúnyẹmí.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Súwẹ́tà tó wà nínú ọ̀rá tí mo fi rán Akínyẹlé ni àkọ́kọ́ tí Ìbídùn fi ẹ̀rọ náà hun, ìwọ ló ní ká fún. Apá òsì gùn ju apá ọ̀tún lọ. Èmi fẹ́ kí o kàn wọ̀ ọ́ kí o má wí nǹkan kan, ṣùgbọ́n òun ló dúró tì mí báyìí, ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bó bá ṣe rí ni kí o sọ ọ́ fún òun, òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí bá òun bo nǹkan kan mọ́lẹ̀ mọ́.