ÀMÚSÀ ÀLÀÓ OYÈNÍRAN (1952–2017): ARÁNṢỌ TÍ KÌ Í JẸ́ KÍ OJÚ OLÙDÍJE DORÍ KODÒ

Ní ìdílé Oyèníran ní Ìjẹrù, Ògbómọ̀ṣọ́, ni wọ́n ti bí bàbá wa, Àmúsà Àlàó, lọ́dún 1952. Àgbẹ̀ ni bàbá wọn. Ìyá wọn, Sàbítíyù, ń ran òwú. Bàbá wa ka kéú, wọ́n sì ka ìwé dé kíláàsì kẹrin kí àìsàn bàbá wọn tó dá ẹ̀kọ́ náà dúró.

Lọ́dún 1969, wọ́n wá kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ní Dópẹ̀mú, nílùú Èkó. Wọ́n fẹ́ ìyá wa, Ìdíátù, lọ́dún 1980, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn lẹ́bàá títì ní Ìgandó lọ́dún 1983. Inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà.

Ọdún 2003 ni aṣọ ìpolongo ìbò kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Tẹ́lẹ̀, fìlà tí wọ́n tẹ àmì ẹgbẹ́ sí ló pọ̀ ládùúgbò wa. Ìgbà tó yá ni àwọn olùdíje bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ojú ara wọn sára ańkárá. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá gbé irú rẹ̀ wá. Bàbá gé bùbá náà bí wọ́n ṣe kọ́ wọn: wọ́n ṣẹ́ aṣọ po ní èjìká, kí iwájú àti ẹ̀yìn lè jẹ́ ẹyọ kan. Èyí dára fún ańkárá lásán. Ṣùgbọ́n ojú tó bá gún régé níwájú, dandan ni kó dorí kodò lẹ́yìn. Ìyá Tòún, olórí àwọn obìnrin náà, wọ tirẹ̀, ó yí ẹ̀yìn padà, ariwo sì ta.

"Bàbá Wàsíù, ẹ ti pa ẹni wa kí ìbò tó dé! Àwọn wo ló bẹ̀ yín níṣẹ́?"

Gbogbo òpópónà rẹ́rìn-ín. Bàbá tú aṣọ náà. Wọ́n gé èjìká, wọ́n yí ẹ̀yìn sókè, wọ́n sì rán an pọ̀ tí ojú rírán náà kò hàn. Wọ́n tún wá ọ̀nà tí wọ́n fi ń gé ìró, tí ẹni tó bá jókòó kò fi ní jókòó lé olùdíje lójú. Láti Ìkọ̀tún dé Abúlé Ẹ̀gbá, ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo ẹgbẹ́ ń gbé aṣọ wá.

Lọ́dún 2011, ìjọba fẹ́ fẹ títì, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa sàmì sára ṣọ́ọ̀bù wa pé àwọn máa wó o. Ọkùnrin kan tó ń du ipò wá fúnra rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Ẹni tó máa rán aṣọ ìbúra mi, ta ló máa wó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀?" Bàbá rán bùbá àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tó wọlé, wọ́n rán agbádá tó fi búra. Ìyá wa ní kí àwọn gba yàrá kan ní Akówọnjọ, kí wọ́n tètè kó ẹ̀rọ. Bàbá kọ̀. "Ìdíátù, ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́."

Lọ́dún 2012, katakata tó ń wó ilé dé. Àwọn ọmọkùnrin tó ṣáájú rẹ̀ wọ bùbá náà. Bí wọ́n ṣe kẹ̀yìn sí wa tí wọ́n ń ju ẹ̀rọ síta, ojú ọkùnrin náà ń wò wá lẹ́yìn wọn, ó gún régé. Bàbá fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn léjìká.

"Èmi ni mo rán èyí."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ yẹra lọ́nà."

Bàbá kò jókòó sídìí ẹ̀rọ mọ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ wọn ni èyí tí wọ́n ti ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ní mọ́ṣáláṣí wa láti ọjọ́ pípẹ́: gígé aṣọ funfun fún òkú, aṣọ tí a kì í rán. Títí ojú wọn fi ṣókùnkùn ni wọ́n ń gé e. A rò pé ìbànújẹ́ náà yóò lọ. Kò lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, wọ́n dákẹ́.

Wọ́n fi ìyàwó wọn, Ìdíátù, sáyé. Àwọn ọmọ wọn ni Wàsíù, Hamdalah àti Sódìq. Wọ́n ní àwọn ọmọ-ọmọ pẹ̀lú. Kò sí ìkankan nínú wa tó ń ránṣọ.

Bàbá wa, ẹlòmíràn ló gé aṣọ funfun tiyín. Kò sí ojú ẹnì kankan lára rẹ̀, abẹ́rẹ́ kò sì kàn án. Kí Ọlọ́hun fún yín ní ibùgbé tí ẹnikẹ́ni kò ní fi ọ̀dà pupa sàmì sí. Àmín.