Àtẹ Wọ́rọ́kọ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Wọ́rọ́kọ́, ọkọ mi, wọ́n ti gbà. Gbogbo ìgbà tí o wà láyé, o ní kí n lọ bá wọn sọ ọ́, kí n lọ bá wọn sọ ọ́. Mo bá wọn sọ ọ́ lónìí. Ìpàdé àárọ̀, nínú yàrá ẹ̀yìn tí a ti ń ṣa ẹ̀fọ́. Mo ní kí ilé ìtajà wa yéé da kárọ́ọ̀tì tó wọ́ àti tòmátì tó yọ kókó sínú ike ìdọ̀tí. Kí wọ́n fún mi ní àtẹ kan ṣoṣo, kí á tà wọ́n ní ẹ̀dínwó.

Rúlà fa rúlà rẹ̀ yọ lápò àyà — o rántí rẹ̀, ọ̀gá wa tó máa ń wọn kùkúmbà kó tó gbà á wọlé. Ó ní, "Màmá, igi wọ́rọ́kọ́ ní í daná rú." Mo ní, "Ọ̀gá, kárọ́ọ̀tì kì í ṣe igi ìdáná. Inú ọbẹ̀ ló ń lọ." Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Ó ní ó dáa, kí n gbìyànjú ẹ̀ wò di ọjọ́ kejìlélógún, tí ọ̀gá àgbà tó ni ilé ìtajà máa wá wò wá. Tó bá wù ú, àtẹ dúró. Tí kò bá wù ú, ike ìdọ̀tí.

Ìyá Ìbejì tó ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà ti sọ ọ́ ní Àtẹ Wọ́rọ́kọ́. Kò mọ orúkọ ẹni tó ń pè. Mo kẹ̀yìn sí wọn, mo ń to àlùbọ́sà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Kò sẹ́ni tó yà síbẹ̀. Obìnrin kan mú kárọ́ọ̀tì kan, ó wò ó bí ẹni tó ń wo olè, ó dá a padà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ọmọ wa obìnrin pè. Ó tún béèrè kárọ́ọ̀tì tí o gbìn sẹ́yìnkùlé. "Mọ́mì, òjò ń bọ̀ o. Wọ́n á jẹrà mọ́lẹ̀." Mo ní mi ò ráyè. Ó mọ̀ pé irọ́ ni — láti ilé ìdáná dé ẹ̀yìnkùlé, èèyàn lè na ọwọ́ kàn án.

O fọ́n irúgbìn yẹn sínú ilẹ̀ olókùúta wa, o fọwọ́, o ní o fẹ́ sinmi díẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi máa hù, a ti sin ọ́. Ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe gbẹ̀yìn nìyẹn. Tí mo bá hú wọn tán, kí ló kù? Tí mi ò bá sì hú wọn, wọ́n á rà, ìwọ tí o kì í jẹ́ kí n ju èèpo ọ̀dùnkún nù.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ. Má sọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo ti dá ọgbọ́n kan. Ọwọ́ rẹ ni mo ti jí i. Rántí bí o ṣe máa ń sọ ọ̀dùnkún àti kárọ́ọ̀tì lórúkọ lórí tábìlì kí o tó bẹ wọ́n. Mo gé páálí, mo kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba. "Kùkúmbà tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri." "Ọ̀dùnkún tó ń ronú." "Kárọ́ọ̀tì tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá láti oko." "Tòmátì onímú" — imú bàbá rẹ ni, má bínú.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tó máa ń wá ra ọsàn, dúró kà wọ́n látòkè délẹ̀ bí ìwé ìròyìn. Ó ra kùkúmbà. Ó ní òun máa gbé e fún ìyàwó òun, kó rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Àtẹ ṣófo kó tó di ọ̀sán. Rúlà ní ẹ̀dínwó ni wọ́n ń wá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ìṣòro tuntun. Àwọn tó gún ni kò tà mọ́. Obìnrin tó wo kárọ́ọ̀tì bí olè yẹn padà wá, ó ní èyí tí mo mú fún òun ti nà jù, ọmọ òun ò ní jẹ ẹ́, èyí tó lẹ́sẹ̀ ni kí n wá fún òun. Etí Rúlà ló ṣe.

Mo bá Rúlà ní yàrá ẹ̀yìn lẹ́yìn náà, òun nìkan. Ó di kùkúmbà kan tó gún régé mú, ó ń rọra tẹ̀ ẹ́ bóyá á wọ́. Ó kán. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo jókòó sójú fèrèsé, mo ń wo ewé kárọ́ọ̀tì rẹ. Ó ti ń pọ́n létí.

Ọjọ́ tí mo mú ọ lọ han ìyá mi ló sọ sí mi lọ́kàn. O fi ẹsẹ̀ rẹ tó tẹ̀ bí àkámọ́ méjì inú ìwé yẹn rìn wọlé, o dọ̀bálẹ̀, o ṣe dáadáa. O lọ tán, màmá ní, "Nínú gbogbo ọkùnrin tó dúró ṣánṣán láyé yìí, ṣé eléyìí lo rí?" Mo ní, "Òun ni mo rí." Ó mí kanlẹ̀. Ó ní kò burú, adìẹ ilé òun á ṣáà rí ibi sá gbà láàárín ẹsẹ̀ náà.

Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè ọ́ ní Wọ́rọ́kọ́. Ìwọ náà, o kúkú ń dáhùn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Wàhálà. Ọ̀la ni ọ̀gá àgbà ń bọ̀. Àgbẹ̀ tó ń kó ẹrù wá fún wa gbọ́, ó fẹ́ yẹ́ wa sí. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa gbogbo wọ́rọ́kọ́ kúrò lóko, àwọn tó gún nìkan ló kó wá. Ó dúró ti ọkọ̀ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí ìyìn. "Màmá, mi ò lè kó ìtìjú wá síwájú ẹni ńlá." Mo ní àwọn wọ́rọ́kọ́ náà dà? Ó ní àwọn ewúrẹ́ òun ti jẹ wọ́n, wọ́n ní kí òun máa kí wa.

Rúlà fi rúlà gbá iwájú orí ara rẹ̀. Ó wá kọjú sí mi, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Màmá, níbo la ti fẹ́ rí wọ́rọ́kọ́ kó tó di àárọ̀ ọ̀la?"

Mo gbé báàgì mi, mo gbalé lọ. Ìwọ mọ ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Mo hú wọn.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ ni mo kúnlẹ̀. Mo di ti àkọ́kọ́ mú lórí, mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ, mo fà á. Òkúta yẹn ti ṣiṣẹ́. Èyí ká bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀. Èyí pín sí mẹ́ta. Èyí jókòó, ó ká ẹsẹ̀ jọ bí ẹni ń retí oúnjẹ. Ẹ̀rín pa mí níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. Láti ìgbà tí o ti lọ, mi ò tíì rẹ́rìn-ín ní ẹ̀yìnkùlé yẹn.

Mo kó wọn dé ilé ìtajà. Rúlà ní níbo ni mo ti rí wọn. Mo ní ọwọ́ ọkọ mi. Òun náà wà níbi ìsìnkú. Ó ti rúlà bọ àpò, ó mú aṣọ, ó ń bá mi nu yẹ̀pẹ̀ ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń nu ẹyin.

Ọ̀gá àgbà dé. Ó ka páálí, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó mú èyí tó jókòó, òun náà tò sẹ́yìn èèyàn láti sanwó. Àtẹ dúró.

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ku ẹyọ kan. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ bí àkámọ́. Èmi ni mo ti ń tì í sẹ́yìn látàárọ̀. Mo gbé e lọ bá Ìyá Ìbejì. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó ní, "Màmá, nínú gbogbo kárọ́ọ̀tì tó nà gbọọrọ sọ́hùn-ún yẹn, ṣé eléyìí lẹ rí?"

Mo ní, "Òun ni mo rí."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ọmọ wa pè. Mo ní kí òjò máa bọ̀.

Mo tún ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé kọ, màá tọrọ irúgbìn lọ́wọ́ àgbẹ̀ lọ́la. Mi ò ṣa òkúta kankan kúrò.

Mo sì se kárọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ méjì yẹn. Mo jẹ ẹ́ tẹsẹ̀-tẹsẹ̀. Ó dùn ju àwọn tó gún lọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ fún ọ, kí orí rẹ má baà wú.