Kí Lẹ Tò fún ní Manchester?

Wólka Brzozowa,
Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹwàá

Dagmara ọmọ mi,

Ìyìn ni fún Jésù Kristi. Mo mọ̀ pé o ti dáhùn pé títí láéláé, bí o kò bá sì tíì dáhùn, padà sókè kí o dáhùn kí o tó máa kà á lọ. Ṣé ara le? Ṣé Kalina ọmọ ọmọ mi ń jẹun, ṣé èdè wa ló fi ń bèèrè omi lọ́wọ́ rẹ, àbí èdè àwọn tí ẹ wà láàárín wọn? Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín lọ́wọ́ òtútù ibẹ̀, kó sì jẹ́ kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ máa fi ojú àánú wò ọ́. Ní tiwa, a wà. Orúnkún ń dun bàbá rẹ, ó ní kì í dun òun, ṣùgbọ́n mo rí bó ṣe ń gun àkàbà. Ọ̀dùnkún wọlé dáadáa. Ajá ti jẹ bàtà rẹ kan tó kù nílé, mo tọ́jú ìkejì.

Ọ̀rọ̀ tí o kọ sórí fóònù, pé kí n fi àsíá Ìyá Àgbà Rozalia ránṣẹ́ sí ọ, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin, n kò sì dá ọ lóhùn torí ara fu mí. Ìwọ náà mọ irú aṣọ tí à ń sọ. Nígbà ogun tí wọ́n ka àsíá ilẹ̀ wa léèwọ̀ ni ìyá tó bí ìyá mi rán an, ó gé funfun rẹ̀ lára aṣọ ìtẹ́bùsùn ìgbéyàwó rẹ̀, ó gé pupa rẹ̀ lára àpò tí wọ́n ń kó ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ sí, ó wá tì í bọ inú ìrọ̀rí, àwọn sójà àjèjì tó gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́ sì gbórí lé e fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, wọn ò mọ̀. Kí ni ọmọ tó wà ní ẹ̀yìn odi fẹ́ fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ṣe? Mo ti gbọ́ pé àwọn ará ìlú ńlá ń ra nǹkan àtijọ́. Wiesława tó ni ṣọ́ọ̀bù ta agbá onígi tí wọ́n fi ń po bọ́tà nílé wọn fún ọkùnrin kan, ó wá rí i lẹ́yìn náà nínú ilé oúnjẹ kan, wọ́n gbin òdòdó sínú rẹ̀.

Mo bi ọ́ lórí fóònù pé kí lo fẹ́ fi ṣe. Fóònù ní o ń kọ̀wé. Ó dákẹ́. Ó tún ní o ń kọ̀wé, ó tún dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Dagmara, ẹni tó ń sọ òótọ́ kì í dánu dúró lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ yóò fi jáde, o ní o kàn fẹ́ kó wà lójú fèrèsé yín ni. N kò fẹ́ràn “kàn fẹ́” yẹn. Nígbà tí o wà ní kékeré, bí o bá ti jẹ jáàmù tán, ohun tí o máa ń sọ nìyẹn.

Ẹlòmíràn náà wà tó ń bèèrè àsíá yìí. Zenobiusz tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà fẹ́ kí n gbé e fún ilé àwọn panápaná, kí wọ́n kàn án mọ́ ògiri sínú gíláàsì, ó ní òun á fún mi ní tuntun dípò rẹ̀, ti ọ̀rá tí òjò kì í ṣe nǹkan kan. O mọ̀ ọ́n, òun ló ní òpó àsíá tó ga ju ilé ìsìn lọ, òun ló lẹ àwòrán ẹyẹ idì ilẹ̀ wa mọ́ ọkọ̀. Ó sọ fún mi níwájú gbogbo èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù pé: “Ilẹ̀ bàbá ẹni kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì, Màmá Dagmara, tí èèyàn á ti jáde níbẹ̀ tán tí á ṣì máa pè pé kí wọ́n gbé oúnjẹ wá.” Ó ní ẹni tó bá dúró ló ni í. N kò ní purọ́ fún ọ, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Lóòótọ́ owó tí àbúrò rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ láti Jámánì ló fi kan òrùlé tó ń jókòó sábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rántí ìyẹn lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún un pé kó wá gbọ́ èsì ní ọjọ́ Mọ́ńdè lẹ́yìn ìdìbò, mo sì ti lọ àsíá náà sílẹ̀ dè é.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè ìdìbò, èmi wà lára àwọn tó jókòó ti ìwé orúkọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bíi ti ìgbà gbogbo, torí wọ́n ń sanwó níbẹ̀, wọ́n sì ń fúnni ní tíì. Nígbà tí mo jáde lọ jẹ búrẹ́dì mi lọ́sàn-án, Wiesława gbé àwòrán kan lórí fóònù rẹ̀ tì mí lójú. Èèyàn tò yí ilé ńlá kan po, wọ́n tò gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ, láàárín wọn ni mo ti rí ọ nínú kóòtù aláwọ̀ eérú yẹn, Kalina wà léjìká rẹ, òjò ń pa yín. Mo bi Wiesława pé kí ni wọ́n ń tà ní Manchester. Ó ní wọn ò ta nǹkan kan, pé ìdìbò wa yìí náà ni, pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ti ń dì í. Mo ní kó má tàn mí jẹ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lẹ kò mọ ìlà. Nígbà tí mo wà ní ọmọge, bí a bá ti rí ìlà a ó kọ́kọ́ tò ná ká tó bèèrè ohun tí wọ́n ń tà, bó jẹ́ ẹran, bó jẹ́ ṣúgà, bó jẹ́ bébà ìnùdí tí a ó sín sókùn kọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀ gbé lọ sílé. Ṣé èèyàn wà tó ń tò sórí ìlà lásán? Mo ti gbà lọ́kàn pé ẹran ti tán ní ilẹ̀ yẹn, o sì ń pa á mọ́ fún mi, bóyá ìdí nìyẹn tí o fi fẹ́ gba aṣọ ìyá àgbà kí o tà á jẹun.

Ìyẹn ni mo ṣe pè ọ́. O rántí ohun tí o sọ. O ní, “Ìbò ni, Màmá. Wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ la ti dúró.” Mo bi ọ́ pé kí ni wọ́n máa fún yín bí ẹ bá dìbò tán. O ní kò sí. Mo gbọ́ òjò lórí agbòjò rẹ nínú fóònù, mo gbọ́ Kalina tó ń bèèrè pé ìgbà wo ló máa kàn wá, èdè wa ló sì fi bèèrè é.

Mo padà sídìí ìwé orúkọ. Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, mo ti búra pé n kò ní sọ ọ́, nítorí náà má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kí o sì sun ojú ewé yìí. Ilé Zenobiusz sí ilé ẹ̀kọ́ kò ju ọgọ́ta ìṣísẹ̀ lọ. Mo wo ibi tó yẹ kó fọwọ́ sí, funfun ló wà. Mo wò ó lẹ́yìn tíì, funfun. Títí a fi ti ilẹ̀kùn, funfun.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ó wá gba àsíá ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti wọ kóòtù tí ó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ àjọ̀dún. N kò sọ pé mo rí nǹkan kan, mo kàn bi í jẹ́jẹ́ pé báwo ni ìbò ṣe lọ fún un. Ó ní olú ti hù gan-an nínú igbó lẹ́yìn òjò, pé òun lọ já a, àti pé kí ni ìbò ẹnì kan ṣoṣo lè tún ṣe. Mo dá a lóhùn pé: “Ọ̀gbẹ́ni Zenobiusz, ọmọ mi dúró nínú òjò nílẹ̀ àjèjì fún ìbò tí ẹ̀yin lè fi sálúbàtà rìn lọ dì.” Wiesława bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ṣúgà tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè.

Nítorí náà àsíá náà ń bọ̀. N kò gbé e fún awakọ̀ tó ń ná Manchester ní Fúráìdè, torí ẹni tó ń jẹ sọ́séèjì àwọn èèyàn lọ́nà, n kò lè gbé Ìyá Àgbà Rozalia lé e lọ́wọ́. Sọ́séèjì nìkan ni mo gbé fún un, bóyá òótọ́ díẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ ẹran yẹn. Kílò méjì ni, kí o wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀. Ní ilé ìfìwéránṣẹ́ wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù tó ń bèèrè kí ló wà nínú ẹrù àti iye tó tó. Mo fura sí i lójú ẹsẹ̀. Ta ló ń kọ́kọ́ bèèrè iye nǹkan bí kò ṣe ẹni tó fẹ́ jí i? Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé aṣọ ìtẹ́bùsùn àtijọ́, ó ti ya, owó rẹ̀ złoty márùn-ún. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní kí ló dé tí mo fi ń ná ogójì ó lé láti fi àkísà ránṣẹ́. Mo ní ọ̀rọ̀ ìdílé ni. Àwọn sójà gbórí lé e wọn ò mọ̀, àwọn aṣọ́bodè náà á tẹ̀ ẹ́ lọ́ntẹ̀, wọn ò ní mọ̀. Funfun lókè, pupa nísàlẹ̀ o. Bí o bá dorí ẹ̀ kodò, ti orílẹ̀-èdè mìíràn nìyẹn, màá sì rí i nínú fọ́tò.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́ ti dé tán, àbẹ́là sì ti wọ́n. Mo nílò ogún tí a ó tàn sójú oórì àwọn òkú wa, àti ẹyọ kan fún sójà tí kò lórúkọ tí wọ́n sin sétí igbó, torí bí a kò bá tan tirẹ̀, ta ni yóò tan án? Èédú pẹ̀lú. Má fi owó náà sí báńkì. Báńkì kọ̀wé sí mi pé n kò gbọdọ̀ sọ nọ́mbà ìkọ̀kọ̀ mi fún ẹnikẹ́ni, títí kan òṣìṣẹ́ wọn, mo wá dé ìdí ẹ̀rọ tó ń pọ owó, òun ló kọ́kọ́ bèèrè é. Òṣìṣẹ́ wọn ni, àbí òṣìṣẹ́ ta ni? N kò sọ fún un. Fi owó sínú àpòòwé, lẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí awakọ̀ mú un bọ̀, kí o sì kọ iye rẹ̀ sí mi lórí fóònù kó tó gbéra.

Ọlọ́run tó ṣọ́ aṣọ yẹn nínú ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ yóò ṣọ́ ìwọ àti Kalina. Ẹ ò ní ṣìnà, ẹ ò ní gbàgbé ilé, ilé ò sì ní gbàgbé yín. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù tó ń bọ̀, ọjọ́ òmìnira wa, òpó wa yóò wà lófìfo fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ ara mi, Zenobiusz yóò sì bèèrè. Màá sọ fún un pé àsíá wa ti lọ dúró ti Dagmara lórí ìlà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Bogumiła