Pupa Tí Mo Nù Kúrò Lójú Fóònù

Bronwyn ọmọ mi,

Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó ayọ̀ ní Wellington, kí ó má bá ọ lórí ibùsùn àìsàn. Afẹ́fẹ́ ìlú yín tó máa ń já agboòrùn gbà lọ́wọ́ èèyàn kò ní gbé ire tìrẹ lọ. Àwa náà wà ńbí. Òjò kò tíì dá láti ọjọ́ Ẹtì, a ò rí orí òkè mọ́, orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dùn ún, ajá sì ti jẹ ìbọ̀sẹ̀ tí o hun fún mi. Ẹyọ kan ló jẹ, mo ṣì ń wọ èkejì.

Wàá ní kí ló dé tí mo fi ń kọ ìwé nígbà tí fóònù wà. Fóònù náà wà nínú agolo búrẹ́dì, mo fi aṣọ ìnura wé e. Ojú ń tì mí láti wò ó. Ojú tìrẹ gan-an ló sì ń tì mí jù, nítorí náà jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó rí ọ̀rọ̀ òjò mìíràn sọ.

O rántí pé nígbà tí o wá sílé lásìkò òtútù, o fi ètò agbo màlúù sínú fóònù mi. O ní tí mo bá ti tẹ ọjọ́ tí màlúù kọ̀ọ̀kan bímọ sí i, òun fúnra rẹ̀ á mọ èyí tó yẹ kí dókítà màlúù yẹ̀ wò kí akọ tó wọ àárín wọn, á sì fi àmì pupa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ pupa nìkan ni mo gbọ́.

Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé. Láti ìgbà tí mo ti gbé ìyá rẹ níyàwó la ti ń kun ọ̀dà pupa sí ìdí ìrù màlúù. Èyí tó bá ń wá akọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa gùn ún, ọ̀dà á ha kúrò, àwa á sì mọ̀ pé ara rẹ̀ ti yá. Èyí tí pupa rẹ̀ bá jókòó síbẹ̀ ló ń kó ìdààmú bá wa. Bí mo ṣe rí pupa lójú fóònù báyìí, mo ní háà, ọmọ mi ti bá mi kun màlúù láti Wellington! Inú mi dùn débi pé mo gbé gbogbo agolo ọ̀dà mi fún Ivan aládùúgbò wa, mo ní kó máa bá ayé àtijọ́ lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ìgbẹ́ máa ń ta sí nǹkan nílé ìfúnwàrà. Mo fi apá ẹ̀wù nu fóònù, bí mo ṣe nù ún ni pupa kan lọ, àwọ̀ ewé sì rọ́pò rẹ̀. Mo sáré pe ìyá rẹ pé kó wá wò ó, màlúù kan ti ń wá akọ, ìròyìn sì ti dé láti pápá! Láràárọ̀ ni mo ń nù ún, láràárọ̀ ni pupa ń lọ, títí gbogbo rẹ̀ fi tutù bíi koríko. Nígbà tí o pè mí tí o bèèrè bóyá dókítà ti wá, mo ní kí ni dókítà fẹ́ wá ṣe, pupa kankan ò kù. O ní kankan kẹ̀? Ó dáa, Bàbá. Mo rò pé ọgbọ́n mi ló yà ọ́ lẹ́nu.

Ó wá kan Dókítà Heslop, tó ti ń tọ́jú màlúù wa láti ìgbà tí o wà nílé ìwé. Tí a bá wa ọkọ̀ pàdé lọ́nà, ó máa ń gbé ìka kan sókè kí mi, èmi náà á gbé tèmi. Lọ́dún yìí kò gbé e mọ́. Mo rò pé ìka ń dùn ún, mo tiẹ̀ ní kí ìyá rẹ fi òróró ìpara ránṣẹ́ sí i.

Lọ́jọ́rú, ó kan oko wa láti gba ẹgbẹ́ àwa olùsìn màlúù lálejò. Ìyá rẹ yan àkàrà òyìnbó. Mo gbé fóònù sókè kí gbogbo wọn rí i, mo ní kò sí màlúù kan lóko mi tí kò tíì wá akọ, mo tún ní kí Ivan lọ fọ ọ̀dà kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀. Dókítà náà wà níbẹ̀. Ó rọra bi mí pé ta ni dókítà tuntun tí mo gbà, nítorí fóònù tòun náà ń sọ pé dókítà ti yẹ gbogbo màlúù mi wò, kì í sì í ṣe òun. Ó ní òun ò bínú, àmọ́ ǹ bá ti dágbére fún òun. Mo ní dókítà kankan ò wá. Ó ní ta ló wá ń tẹ àmì pupa náà pé dókítà ti wá? Mo ní ẹnikẹ́ni ò tẹ nǹkan kan, mo kàn ń nù ún ni, mo sì fi apá ẹ̀wù hàn wọ́n bí mo ṣe ń nù ún.

Ivan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè dìde. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n wá bá òun nu gíláàsì ọkọ̀ òun, bóyá màlúù òun á bí ìbejì.

Ká ní ibẹ̀ ló mọ ni, ǹ bá gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ta mí, ni mo bá pariwo pé ìwọ lo ṣe é, pé ìgboro ti mú ọ gbàgbé màlúù, o sì to fóònù náà ní ìtòkutò. Lójú gbogbo wọn ni mo ti sọ ọ́. Ẹ̀rín dá. Dókítà wò mí, ó ní ìwọ lo pe òun lórí ọ̀rọ̀ Pikelet, màlúù rẹ, pé ọkàn rẹ ò balẹ̀, kí òun jọ̀ọ́ yà wò ó, òun ló ní òun ò lè wọ oko ẹni tó ti kọ òun sílẹ̀. Ìyá rẹ gbé àwo àkàrà rẹ̀, ó wọlé lọ.

Pikelet tí o fi ìgò bọ́, tí o fi okùn fà yí pápá ilé ìwé ká lọ́jọ́ ìfihàn ọmọ màlúù! Ríbọ́n ẹ̀bùn tí ẹ gbà ṣì wà lára ilẹ̀kùn ilé ìfúnwàrà. Òun gan-an ni pupa àkọ́kọ́ tí mo nù dànù. Ilé ọmọ rẹ̀ ti ń kẹ̀ láti ìgbà tó ti bímọ. Dókítà ti fọ̀ ọ́, ó sì fún un lóògùn, àmọ́ ó ní àfi kó wá akọ kí akọ tó kúrò ní pápá nígbà Kérésì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwọ náà mọ ibi tí ọkọ̀ ń kó màlúù tí kò lóyún lọ. Mi ò lágbára láti bọ́ màlúù òfìfo la ìgbà òtútù já, mi ò sì lè fọwọ́ mi ti Pikelet sínú ọkọ̀ yẹn.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí o ra agolo ọ̀dà pupa kan ní Wellington, kí o fi ránṣẹ́ nínú páálí tí kò ní àwòrán màlúù lára. Tí mo bá lọ rà á nílùú níbí, wọ́n á bi mí pé kí ló ṣe apá ẹ̀wù.

Ìyá rẹ ti dúró sẹ́yìn mi, ó ti ka ibi tí mo dé yìí. Ó ní ẹnu tí mo fi ba orúkọ ọmọ òun jẹ́ láàárín èèyàn, kí n fi tọrọ ọ̀dà láàárín èèyàn. Nítorí náà fi ọ̀dà sílẹ̀. Tí a bá ti fún wàrà tán lọ́la, màá lọ tọrọ ọ̀dà mi padà nílé Ivan, màá sọ fún un àti ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀ pé ìwọ ò ṣe àṣìṣe kankan, èmi ni. Owó díẹ̀ ni kí o fi ránṣẹ́ tó bá wà lọ́wọ́, kí n fi ra àkàrà òyìnbó lọ bẹ Dókítà Heslop, torí ìyá rẹ ní òun ò yan nǹkan kan fún mi mọ́.

Jọ̀ọ́, Bronwyn, dárí jì mí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹni tó yẹ kó gbè ọ́ lẹ́yìn tún dá ọ lẹ́bi lójú èèyàn mọ́, ì báà jẹ́ èmi.

Màá kun Pikelet fúnra mi, màá kùn ún kó nípọn. Tí o bá gbọ́ ìpè mi, á jẹ́ pé pupa ti kúrò, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì ha á. Mi ò ní fọwọ́ kàn án.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mervyn