Ọwọ́ tí Tèrésà fi ṣe àmì àgbélébùú

Ṣakí, Sátidé

Àní èmi tí mo dúró ní pírámárì tú, èmi náà ni mo kọ́ ọmọ mi ní Katikísìmù nílé, ó sì yege! Jákọ́bù tíṣà, ìwọ tó ní màá ba ọmọ jẹ́, ṣé o gbọ́?

Ṣùgbọ́n nígbà tí Fadá ní kí Tèrésà kọ́kọ́ ṣe àmì àgbélébùú, ọwọ́ òsì ló gbé sókè. Ọwọ́ òsì, níwájú Fadá! Bí ilẹ̀ bá lanu, mi ò bá wọlẹ̀. Àṣé bí mo ṣe ń jókòó kọjú sí i kọ́ ọ, ó ń wò mí bíi dígí ni.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Bàbá mi ni, Fadá."

Fadá bi í ní gbogbo ìbéèrè, ọmọ mi kò ṣi ọ̀kan. Fadá wá kọjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín: "Á gba Kọmúníọ̀. Ẹ ṣáà bá a yí ọwọ́ padà."

Láti ọ̀la, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni màá máa jókòó sí.