Bí Mo Ṣe Di Ọlọ́dẹ Ilé-Iṣẹ́ Ìyá Rẹ

Ilé Akínwọlé,
Ọ̀nà Òkìtìpupa, Òrè.
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, 1975.

Ọlọ́runtóbi ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Adékẹ́mi ìyàwó rẹ, mo kí ọmọ tuntun tí a kò tíì fojú rí. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ ń rí omi mu ní Àpápá yẹn? Ọlọ́run tó ń jí wa láràárọ̀ kò ní sọ yín nù láàárín èrò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ń wá yín fún ibi kò ní mọ ojúlé yín. Àwa náà wà dáadáa. Òjò ọdún yìí pọ̀, kòkó wa lọ́nà Odigbo ti ń pọ́n, orúnkún ọ̀tún ń dùn mí díẹ̀ ṣùgbọ́n kò dí mi lọ́wọ́ oúnjẹ.

Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí, n kò ní kí tíṣà kankan bá mi kọ ọ́. Ìdí ni pé àwọn awakọ̀ gẹdú tí ń ti ọ̀dọ̀ wa wá sí Àpápá kì í dákẹ́ ẹnu, wọn yóò sọ fún ọ láìpẹ́ pé bàbá rẹ ti di ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ ilé-iṣẹ́, àti pé ìyá rẹ ló gbà á síṣẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Nínú oṣù kẹfà ni ọmọkùnrin kan wá bá wa láti ọ́fíìsì ìjọba, Adégbóyèga lorúkọ rẹ̀, ọmọ Adó-Èkìtì ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá sí Òrè ni. Ó ń sọ Èkìtì, èmi ń sọ Ìkálẹ̀, a wá lọ pàdé níbi Yorùbá inú Bíbélì. Ó ní ilẹ̀ wa ti bọ́ sínú sóònù. Mo ní ọmọ ta ni Sóònù, nítorí bàbá mi kò ta ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kì í ṣe ènìyàn, pé ìjọba pín ìlú sí apá-apá ni, apá kan fún ilé gbígbé, apá kan fún ọjà, apá kan fún ilé-iṣẹ́, kí èéfín ẹ̀rọ má baà máa wọ yàrá àwọn ènìyàn. Ó tẹ́ ìwé ńlá kan sórí tábìlì, gbogbo Òrè wà nínú rẹ̀ tòun ti ọ̀nà Èkó àti ọ̀nà Benin, wọ́n sì fi oríṣiríṣi ọ̀dà kùn ún. Ibi ilé gbígbé dà bí ìyeyè, ibi ọjà pupa, tiwa wá jẹ́ àwọ̀ àlùkò. Ìyá rẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wa sọ fún ẹni tó kùn ún kó fi ọ̀dà ìyeyè díẹ̀ kan igun tiwa, a ó fún un ní gàrí. Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó lọ tán, mo jáde lọ wo ilẹ̀ náà yí po, mo tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ ha á níbi méjì, ó ṣì pọ́n bó ṣe máa ń pọ́n.

Ó fi fọ́ọ̀mù kan sílẹ̀ fún wa. Wọ́n béèrè nínú rẹ̀ pé kí ni a ń lo ilẹ̀ náà fún. Mo kọ ọ́ pé a ń sùn lórí rẹ̀, a bí ọmọ márùn-ún síbẹ̀, a sin ìyá mi sí ẹ̀yìnkùlé, a sì ń sá aṣọ. Nígbà tí Adégbóyèga padà wá, ó ka ohun tí mo kọ, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á. Ó ní bàbá, kò sí ọ̀kankan nínú wọn lára ohun tí òfin gbà láàyè. Ohun tó gbà láàyè ni ilé ìlagi, ilé mẹ́káníìkì, ilé ìkẹ́rùsí, àti ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe oúnjẹ. Ó ní ẹ̀rọ tí ìyá rẹ fi ń rin ẹ̀gẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti wà níbẹ̀ títí ayé. Àwa tí a ni ẹ̀rọ náà ni kò lẹ́tọ̀ọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n wá fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri iwájú pé oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún wa.

Oyèlọlá tó ní ilé ìlagi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kò jẹ́ kí ọ̀dà náà gbẹ tó fi dé. Ó bá wa kẹ́dùn dáadáa, ó sì ní òun yóò gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wa kí ìjọba tó fi agídí gbà á. Kí n má purọ́ fún ọ, mo ti fẹ́ gbà. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ká kó ẹrù lọ sí ilé ẹbí wa ní Odigbo. Ó ń yan gàrí rẹ̀ lọ. Límátù ló bú sẹ́kún. O mọ Límátù, obìnrin tó máa ń bá ìyá rẹ ku gàrí, òun àti ọkọ rẹ̀ ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní Àgọ́ Aláyè. Ó ní oko kì í ṣe tiwọn, ilé kì í ṣe tiwọn, gàrí tí òun ń gbé kúrò níbí nìkan ni ohun tí òun lè pè ní tòun láyé.

Ní ọjọ́ kejì ìyá rẹ ránṣẹ́ pe Adégbóyèga, ó gbé àga fún un lẹ́bàá ààrò, ó ní kó ka òfin náà fún òun láti òkè délẹ̀, kó má fo ohunkóhun. Ọmọ náà kà á, ó ń sọ ọ́ di Yorùbá, òógùn bò ó. Nígbà tó dé ìlà kẹtàdínlógún, ó ní a gba yàrá kan láàyè fún ọlọ́dẹ tí yóò máa ṣọ́ ilé-iṣẹ́. Ìyá rẹ gbé igbá tó fi ń yan gàrí sílẹ̀. Ó bi í pé irú ènìyàn wo ló lè ṣe ọlọ́dẹ. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ti dàgbà, tí ara rẹ̀ le, tí kì í jalè. Gbogbo wọn wá yíjú sí mi.

Tóbi, inú mi kò dùn. Èmi Akínwọlé, àgbà ìjọ, ẹni tí wọ́n máa ń pè tí tọkọtaya bá ń jà! Mo mú àdá, mo lọ sóko, n kò sì jẹun ọ̀sán. Ìyá rẹ tọ̀ mí wá nínú oòrùn náà, ó jókòó sórí kùkùté. Ó ní òun kò wá ẹrú, pé bí ìwé yẹn bá ní ewúrẹ́ nìkan ló lè gbé ibẹ̀, òun ìbá ti máa jẹ koríko báyìí. Ó ní èmi ni mo ní kí orúkọ mi má sí lórí ẹ̀rọ náà. Mo rántí. Ní ọdún tó ra ẹ̀rọ náà, aṣọ rẹ̀ ló tà kún owó ọwọ́ rẹ̀, èmi ní ohun tó ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ kò lè mú ire wá, n kò dá kọ́bọ̀ kan sí i. Mo ṣá igi kan tí kò ṣẹ̀ mí, a sì jọ rìn wálé.

A kọ fọ́ọ̀mù tuntun. Níbi tí wọ́n ti béèrè ọ̀gá mi, mo kọ Agnes Akínwọlé. Níbi tí wọ́n ti béèrè bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, mo kọ pé èmi ni ọkọ rẹ̀. Níbi owó oṣù, ìyá rẹ ní kí n kọ oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, mo sì fi ẹran kún un. Ìgbà náà ni Adégbóyèga wá béèrè pé níbo ni ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ ń gbé, nítorí kò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀. Ìyá rẹ tó ti gba gbogbo wa là, òun gan-an ni kò ríbi sùn. Límátù ló sọ̀rọ̀, ó ní ṣé ọlọ́dẹ ìjọba kì í ní ìyàwó ni. Adégbóyèga ṣí ìwé, ó wá a, ó wá a, ó sì fi ọwọ́ gbá tábìlì. Ó wà níbẹ̀: ọlọ́dẹ àti ẹbí rẹ̀. Nítorí náà, ní ọ̀sán ọ̀gá mi ni, tó bá ti ti ìlẹ̀kùn ilé-iṣẹ́, ìyàwó ọlọ́dẹ ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọ̀gá àgbà ìjọba kan ti Àkúrẹ́ wá yẹ ilé-iṣẹ́ náà wò. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Ó bi mí bóyá madam ń tọ́jú mi. Mo ní ó ń tọ́jú mi, ṣùgbọ́n ó máa ń pariwo. Ó wá bi ìyá rẹ bóyá ọlọ́dẹ yìí ṣeé fọkàn tán, ìyá rẹ sì ní, sà, ó ti ń ṣọ́ mi láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, n kò sì tíì sọnù. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ sí i. N kò mọ ibi tí mo lè gbé ojú mi sí. Adégbóyèga wọn ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, nítorí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní àlàfo tí ẹnikẹ́ni kò ní kọ́lé sí, ó sì fa okùn rẹ̀ títí ó fi yí sàréè ìyá àgbà ká. N kò bẹ̀ ẹ́. Ọlọ́run yóò fún ọmọ náà ní ìyàwó rere.

Pálọ̀ ti di ibi ìkó-gàrí-sí báyìí. Ó ṣe mí bákan nígbà tí a ń yọ àwòrán yín kúrò lára ògiri. Ilé alámọ̀ kò sí nínú ohun tí wọ́n gbà, bíríkì ni yàrá ọlọ́dẹ gbọ́dọ̀ jẹ́, ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ fún ogójì náírà, tàbí ohun tí agbára rẹ bá ká. A gbọ́ ní rédíò pé ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ńtì ti pọ̀ jù lójú òkun yín, wọn kò ríbi já ẹrù sí. Ìwọ tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, sọ pé bàbá rẹ lè gba àpò mẹ́wàá níbẹ̀ kí wọ́n lè rí àyè. Bá mi ra tọ́ọ̀ṣì àti fèrè pẹ̀lú, iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́.

Ọlọ́run yóò bùkún ọwọ́ rẹ, kò ní jẹ́ kí o wá ibi tí o ó gbé orí lé tì. Ọmọ tuntun yẹn yóò dàgbà, yóò sì mọ̀ wá. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ ní Kérésìmesì, ẹ má fòyà. Bí ẹnikẹ́ni bá dá yín dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní kò sí ẹni tó gbọdọ̀ sùn níbí, kí ẹ gbé ọmọ náà sókè kó rí i dáadáa, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹbí ọlọ́dẹ ni yín.

Èmi ni bàbá rẹ,
J. Akínwọlé.