Màámi, N Ò Ní Hú Oró Bọ̀dá Olú

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìrójú, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kọlorádò níbí. Mo kí Bàbá Àgbà, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí Àlhájà tí ẹ jọ ń ta àlùbọ́sà ní Sábó. Ẹ ò gbé fóònù mi mọ́, ẹ sì dá owó oúnjẹ tí mo fi ránṣẹ́ padà. Gbogbo agbo ilé ló ti gbọ́ tẹnu yín. Ìdí nìyí tí mo fi kọ èyí síta, kí wọ́n gbọ́ tèmi náà.

Wọ́n ríran sí yín ní ṣọ́ọ̀ṣì pé igi oró ẹlẹ́gùn-ún tí Bọ̀dá Olú gbìn sẹ́nu ọ̀nà ló pa wọ́n, pé bí n kò bá hú u, èmi ló kàn. Ẹ wá ní kí Bàbá Àgbà sọ fún mi pé bí n kò bá hú u, kí n má pè yín ní ìyá mọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà yín. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá.

Màámi, ikọ́ ló pa ẹ̀gbọ́n mi. Inú yàrá yìnyín ńlá tí wọ́n ń kó ẹran pamọ́ sí ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá pè wọ́n, wọ́n á ní ara àwọn le. Bí ẹ bá bi wọ́n ìdí tí ohùn wọn fi há, wọ́n á ní ọyẹ́ ni. Wọ́n á pa fóònù, wọ́n á jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n á húkọ́ títí omi á fi dà lójú wọn. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún yín. Inú ṣì ń bí mi sí wọn.

Ìlú yìí gbẹ ju Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà ọyẹ́ lọ. Ẹ̀fọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ gbìn, yìnyín jó o dànù. Bàbá òyìnbó kan tó múlé tì wá ló gé ewé oró kan fún wọn, pẹlẹbẹ bí àtẹ́lẹwọ́, ó ní òtútù ò lè pa irú èyí. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ojú ibi tí òun ti gé e gbẹ kí wọ́n tó gbìn ín, kí omi má sì dúró nídìí rẹ̀. Kí ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe? Wọ́n da yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀, wọ́n kọ ebè! Ebè iṣu gan-an, bí Bàbá Àgbà ṣe kọ́ wa lóko Ìkòyí-Ilé. Bàbá òyìnbó rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tí òtútù dé, oró náà hun jọ, ó sùn sílẹ̀. Mo sáré bu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ bí ẹni fẹ́ wẹ ọmọ tuntun, mo gbé ìró mi dání kí n fi bò ó. Ẹ̀gbọ́n mi gba ike omi lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ pa á ni, pé ńṣe ló ń da omi ara rẹ̀ nù, kí yìnyín má bàa rí ohun tí yóò dì nínú rẹ̀. Kí òtútù yẹn tó kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n ti kú.

Àṣà wa ni pé òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n yìnyín ti bo gbogbo itẹ́ òkú náà, n ò mọ tiwọn yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Bí mo bá ti ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú dé, kò sẹ́ni tó ń kí mi kú àbọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ebè yẹn ni mo ti ń sunkún. Òkúta tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tò yí i ká ṣì wà bí wọ́n ṣe tò ó.

Màámi, n ò já yín níyàn rí, ṣùgbọ́n n ò lè hú u. Bí mo bá hú u, kò tún sí ohun tí Bọ̀dá Olú fi sílẹ̀ níbí mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù. N ò ní sọ fún yín pé ara mi le. Ara mi ò le.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ tún sunkún ọmọ. Yóò dá yín sí fún mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ lè ní ẹ ò bí mi, ṣùgbọ́n n ò ní ìyá mìíràn.

Ọmọ yín ni mí,
Àbẹ̀kẹ́